Láníhùn Ẹlẹ́ṣeun Àná

Nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn Tápà ló ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ kọjá odò Ọya wá fún wa, ọmọkùnrin kan wà ní ìlú Ìsánrin tó ń jẹ́ Láníhùn. Opó ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ló sì fi tọ́ ọ dàgbà. Ojú ń ti ọmọ náà púpọ̀. Bí àlejò bá gba iwájú ilé wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni Láníhùn ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kékeré tí ojú rẹ̀ kì í rí. Ó mọ ẹni tó ti sunkún kó tó wọlé, ó sì mọ ewúrẹ́ tí yóò bímọ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ó di ọdún kan, àwọn oníṣòwò rí ọjà mìíràn tó sún mọ́ wọn, wọn kò wá sí Ìsánrin mọ́. Igbá ìlẹ̀kẹ̀ ṣófo ní ilé gbogbo asínlẹ̀kẹ̀. Ọwọ́ ìyá Láníhùn tí kì í sinmi wá wà lórí itan rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ni àwọn asínlẹ̀kẹ̀ bá forí korí, wọ́n ní kí ọmọ méjì lọ sí ilẹ̀ Tápà lọ kọ́ bí a ti ń ṣe é. Wọ́n yan Láníhùn nítorí ojú rẹ̀, wọ́n sì yan Gbádéró, ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹnu tirẹ̀, tó dùn bí oyin.

"Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré lẹ ní," ni olórí asínlẹ̀kẹ̀ wí fún wọn. "Kí odò tó kún, kí ẹ ti padà. Ẹ má wá sọ fún wa pé ẹ rí i o. Ẹ wá ṣe é lójú wa. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ dé lọ́wọ́ òfo, iṣẹ́ yìí ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn."

Ọ̀dọ̀ Bàbá Kólò, àgbà kan tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní ilẹ̀ Tápà, ni wọ́n dé sí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́ Yorùbá, nítorí wọ́n ti ṣòwò dé ọ̀dọ̀ wa nígbà èwe wọn. Ìléru kan wà láàárín àgbàlá rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹwìrì fẹ́ iná sí. Àfọ́kù ìgò ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, wọn a sì máa fi ọ̀pá irin yí i títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn àlejò náà dé, bàbá fún wọn ní yàrá, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Nná, fún wọn ní ẹja gbígbẹ. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúpẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Láníhùn tún lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ṣeun àná."

Bàbá Kólò wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?"

"Ẹja tí ẹ fún wa ni, bàbá."

"Ṣé o ò dúpẹ́ lánàá ni?"

"Mo dúpẹ́, bàbá."

"Àbí ẹja náà ò tó?"

Òógùn bo Láníhùn. "Ó tó, bàbá."

Bàbá kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan lédè wọn. Nná rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kò pẹ́ tó fi gbé orí ẹja ńlá kan lé Láníhùn lọ́wọ́. "Ọmọ mi, gbà," ó wí. "Bàbá yín ní nínú ilé tòun, ẹni tó bá padà wá dárúkọ ẹja àná, ẹja òní ló ń wá."

Láníhùn kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ó fi ìtìjú jẹ orí ẹja. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó di dandan kó lọ dúpẹ́ orí ẹja pẹ̀lú.

"Ẹlẹ́ṣeun àná!" Báyìí ni Gbádéró ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Máa dúpẹ́ lọ, títí wọn yóò fi lé wa."

"Bí n kò bá lọ, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo jí i ni," Láníhùn fèsì.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọpẹ́ rẹ̀ kúrò lórí oúnjẹ, ó bọ́ sórí iṣẹ́. Kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun àná, bí ẹ ti di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń yí ọ̀pá yára jù." Lọ́jọ́ mìíràn, "Ẹ ṣeun àná, bí ẹ ti gbà mí láyè nídìí ẹwìrì." Bàbá Kólò a ní "hùn", a gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n Láníhùn kíyè sí i pé bàbá kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní àkókò náà mọ́. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, yóò bá a níbẹ̀ tó ń wá fìlà tó wà lórí rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, àwọn méjèèjì ti lè yọ́ ìgò, wọ́n sì lè yí i. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá ṣe, tó ń dán lójú ní ìrọ̀lẹ́, yóò ti sán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti bàbá kì í sán. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kó tirẹ̀ wọ yàrá kan lẹ́yìn ìléru, tí akọ́ṣẹ́ kankan kì í wọ̀.

"Bàbá, kí ló wà nínú ibẹ̀?" Gbádéró béèrè.

"Ìyàwó mi ni," bàbá dáhùn, ó ń fọn imú. "Kí lo fẹ́ bá a ṣe?"

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn méjèèjì kò sì tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ránṣẹ́ pé òun yóò ṣí lọ́jọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá fún àwọn méjèèjì ní ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, tó tóbi tó ẹyin ẹyẹlé, tó sì dúdú bí aró. Gbádéró fi ọ̀rọ̀ dídùn dúpẹ́ títí omi fi lé ròrò lójú Nná. Ti Láníhùn kò ju gbólóhùn kan lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì ti sán. Gbádéró ju tirẹ̀ sí ààtàn. "Ẹ wo ẹ̀bùn! Ó fi wá ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn di òní." Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó forí lé etí odò. Láníhùn di àfọ́kù tirẹ̀ sínú aṣọ, ó gba ẹnu ọ̀nà bàbá lọ. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òfo ni òun ń gbé lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo ní àyà rẹ̀. Síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun àná."

"O tún dé. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ńkọ́?"

Láníhùn kò fẹ́ sọ ọ́. Ó kàn tú aṣọ náà.

"Ó ti sán! Kí lo wá ń dúpẹ́ sí?"

"Ọwọ́ tí ẹ fi ṣe é ni, bàbá. Ìlẹ̀kẹ̀ ló sán."

Ojú ti bàbá. Ó kígbe sí ìyàwó rẹ̀ lédè wọn, èdè tó ti wọ etí Láníhùn díẹ̀díẹ̀: "Nná! Ṣé kò tíì tutù tí o fi hú u jáde nínú eérú gbígbóná ni?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n yára!" Nná dáhùn. "O ní wọ́n ń lọ."

Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo Láníhùn, Láníhùn wo ilẹ̀.

"Bàbá," ni Láníhùn wí jẹ́jẹ́, "bí ẹ kò bá fẹ́ kí n gbọ́, n kò gbọ́."

Bàbá Kólò bú sẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. "Ọmọ yìí! Ta ni kò mọ ọpẹ́ dú nígbà tí ẹ̀bùn ṣì gbóná lọ́wọ́? Gbogbo wọn ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọpẹ́ wọn ti sán. Tìrẹ kò sán rí. Dìde, wọlé."

Ó fà á wọ yàrá ẹ̀yìn ìléru. Ìkòkò ńlá kan wà níbẹ̀ tó kún fún eérú gbígbóná. Ó ní kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ níbi tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó jẹ́ kó mọ ìwọ̀n ooru náà, ó jẹ́ kó ka iye ìlẹ̀kẹ̀ tó sùn sínú rẹ̀. "Láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì," ó wí. "Ìlẹ̀kẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ ìgbà tí ooru fi í sílẹ̀."

Nígbà tí Láníhùn sáré dé etí odò, eérú bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ó tún fún ọ ní òmíràn, àbí?" Gbádéró béèrè. "Mú un wá kí n rí i."

"Ó fún mi," ni Láníhùn wí. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó sọ ohun gbogbo fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nínú eérú ní Ìsánrin láìsán, àwọn àgbà bi àwọn ọmọ náà léèrè bí wọ́n ti ṣe rí ìdí rẹ̀. Láníhùn ti sá sẹ́yìn èrò. Gbádéró ló dá wọn lóhùn, kò sì pọ́n ara rẹ̀ lé rárá: "Èmi dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gba àfọ́kù. Òun padà lọ dúpẹ́ àná, wọ́n sì fún un ní gbogbo iṣẹ́." Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé, bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.