Òfin Tí Ìjàpá Kó Wá sí Etídò

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun yó, ó jàre. Àlọ́ o!

"Àlọ̀ọ̀!"

Ẹ́n-ẹ̀n. Àlọ́ mi gba etí odò, ó ré kọjá ilé Ọ̀yà, ó já sí ẹnu ọ̀nà Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko tẹ ìlú kan dó tí wọ́n ń pè ní Etídò. Odò wọn kì í ṣe òǹrorò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ayé yí. Òjò ń rọ̀ lásìkò tí kò yẹ kó rọ̀, odò sì ń kúrò ní àyè rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń súnmọ́ ilé sí i. Lọ́dún kan, ó wọ ihò Ọ̀yà, ó gbé ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọ̀yà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó tún bí ọmọ mẹ́rin, kò lè fọkàn balẹ̀ sùn mọ́. Odò ló ń wò ṣáá.

Erin, ọba gbogbo ẹranko, gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí ìlú kọ̀ọ̀kan pé: "Ẹ jókòó, tọmọdé tàgbà yín. Ẹ ṣòfin bí ẹ ó ṣe máa bá ojú ọjọ́ tó yí padà yìí gbé. Ìlú tó bá mú òfin tirẹ̀ wá, n ó fún un ní ogún àpò gààrí, kí wọ́n máa rí nǹkan jẹ nídìí iṣẹ́ náà."

Ìjàpá gbọ́ gààrí, itọ́ kún un lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má da ara yín láàmú," ó ní. "Ìpàdé kí la tún fẹ́ ṣe? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó di Òkè Gbígbẹ, ìlú tí omi ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ka òfin tiwọn. Ó há a sórí pátápátá, ó kọrí sí ààfin Erin.

"Kábíyèsí, òfin Etídò nìyí: kí olúkúlùkù gbẹ́ kòtò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó la ojú àgbàrá láti ibi tí omi bá wà wọ inú rẹ̀, kí ẹ̀kán kan má baà ṣòfò, nítorí òjò wa kì í tó."

"Ṣé gbogbo yín lẹ jókòó?"

"Gbogbo wa ni, Kábíyèsí. Àní ọmọ ọwọ́ gan-an sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ irú wọn.

Ìjàpá kó gààrí dé, ó tò ó sí yàrá ara rẹ̀ títí ó fi kan àjà. Lẹ́yìn náà ló wá pe ìlú jọ, ó ka òfin.

"Òjò wa kì í tó kẹ̀?" Ọ̀yà lanu. "Ọkọ Yánníbo, omi tó ń lé wa kiri lẹ ní ká lanà fún?"

"Òfin ọba ni. Ẹni tí kò bá gbẹ́ tirẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílùú."

Ọ̀yà wo àwọn ọmọ rẹ̀. Níbo ni yóò kó wọn lọ? Ó gbẹ́ kòtò náà pẹ̀lú ebi nínú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọ̀yà wolẹ̀, ó rí èèrà. Kì í ṣe mẹ́wàá, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń jáde láti ìsàlẹ̀ kòtò, wọ́n gbé ẹyin wọn lẹ́nu, wọ́n tò lọ sórí òkè. Kò sí ariwo. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ. Orí Ọ̀yà wú.

"Háà! Ẹ̀dá tí kò tó èékánná mi! Kí lẹ mọ̀ tí èmi ò mọ̀?"

Ó kó ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ̀lé wọn, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Èèrà ń gbọ́mọ ròkè o,
*Ẹ jẹ́ ká lọ!*
Odò ń bọ̀ wá gbalé o,
*Ẹ jẹ́ ká lọ!*
Ilé la ó tún rí kọ́ o,
*Ẹ jẹ́ ká lọ!*
Ọmọ ò mà ṣeé yá o,
*Ẹ jẹ́ ká lọ!*

Àwọn ẹranko gbọ́ orin náà, wọ́n dìde. Ìjàpá nìkan ló jókòó ti gààrí. "Ẹ máa lọ," ó ní. "Èmi ń ṣọ́lé."

Wọn ò tíì jókòó lórí òkè tí odò fi dé. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ fún mi ṣì ń gbọ̀n. Omi náà kò sáré. Ó ń gòkè bọ̀ jẹ́ẹ́, bí onílé tó ń padà bọ̀ wálé. Ó kún kòtò, ó gba ojú àgbàrá tí wọ́n là fún un, ó wọ ilé kọ̀ọ̀kan láìkan ilẹ̀kùn. Títí ibi tí ojú lè rí i dé, omi ni. Ọ̀yà di àwọn ọmọ rẹ̀ mú gírígírí.

Omi dé yàrá Ìjàpá. Dúrótolú, má sùn! Kí ni gààrí ń ṣe bó bá rí omi?

"Ó ń wú!"

Ogún àpò wú! Ó kún yàrá, ó dí ilẹ̀kùn pa, ó há Ìjàpá mọ́ àjà. Imú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Ní ọjọ́ kẹta, omi fà. Erin dé láti wo ìlú. Ó bá àwọn ẹranko tí ebi ń pa, wọ́n ń fọwọ́ gbọ́n gààrí tó ti bàjẹ́ dànù, oúnjẹ tí ì bá jẹ́ tiwọn, kí wọ́n lè yọ Ìjàpá. Ìjàpá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Erin yíjú sí àwọn ará ìlú.

"Ta ló kó yín dé orí òkè?"

Ọ̀yà tọ́ka sílẹ̀. "Kábíyèsí, àwọn wọ̀nyí ni."

Erin, tí ilẹ̀ ń mì bó bá tẹ̀ ẹ́, rọra kúnlẹ̀ síwájú èèrà. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ẹ jókòó síbí, gbogbo yín. Ẹ ṣòfin yín lójú mi."

Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní kí Ìjàpá dí gbogbo kòtò náà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sísàlẹ̀ ibi tí èèrà gbé ẹyin wọn dé. Ọ̀yà ló ri èèkàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mẹ́rin yí i ká. Lóru ọjọ́ náà, ó sùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: òfin tó gba aládùúgbò là lè pa wá, bí a kò bá kọ́kọ́ jókòó wo odò tiwa. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ wo ẹ̀yìn Ìjàpá. Gààrí ọjọ́ yẹn ló gbẹ mọ́ ọn tó ń rí págunpàgun.