Ilé Tó Kọjú Sí Ọ̀sà

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fèrèsé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe ní èbúté, nísàlẹ̀ pátápátá nínú ọkọ̀, níbi tí gílóòbù ti ń ṣe iṣẹ́ oòrùn. Ó lè wà lórí omi láti àárọ̀ dalẹ́ kó má fojú kan omi. Bó bá gòkè wá nírọ̀lẹ́, tí epo dúdú ti kún èékánná rẹ̀, á dúró díẹ̀, á máa wo ibi tí ọ̀sà àti ojú ọ̀run ti pàdé. Á wá sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ kan, òun náà á ní ilé tí òun á ti máa wo ibẹ̀ látorí àga.

Ó níyàwó. Wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ìbídùn. O mọ àṣà wa: láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ ni orúkọ ìyá rẹ̀ ti wọlé sùn. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìyá Ìbídùn lọ. Ọmọ náà dàgbà, ó gbọ́n, ó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lẹ́yìn náà ni àìsàn mú un, kò sì dìde mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fọmọ sunkún. Àwọn méjèèjì yìí fọmọ sunkún.

Àdúgbò tí wọ́n ń gbé nígbà náà, ilé fara kan ilé ni. Fèrèsé pálọ̀ wọn kọjú sí ògiri aládùúgbò. Oníbúrẹ́dì tó ń kiri, obìnrin tó ń ránṣọ níkorígun, àwọn tó ń gbé lókè àti nísàlẹ̀, gbogbo wọn ṣì ń pe ìyá náà bí wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Ìbídùn. Ìyá Ìbídùn, ṣé ẹ sùn dáadáa? Ìgbàkígbà tí ọkùnrin náà bá gbọ́ ọ, bí ẹni pé wọ́n tẹ egbò rẹ̀ ló ń rí. Òun fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú pípe orúkọ yẹn. Màdámù ló kù tó ń pe ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń ṣàwàdà. Lójú tirẹ̀, àánú ló ń ṣe fún un.

Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dákẹ́ ni. Ó lè mú orógùn dání nídìí iná kó gbàgbé ohun tó fẹ́ rò. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi. Ó ti sin ọmọ ná. Kò fẹ́ kí ìyá ọmọ tún máa yọ́ lọ mọ́ òun lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé ilé tuntun ni yóò wo ìyàwó òun sàn, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí omi wà, tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n parí ilé gogoro kan létí ọ̀sà. Bí o bá fẹ́ rí ṣóńṣó rẹ̀, àfi kí o fi ọwọ́ di fìlà rẹ mú. Ọkùnrin náà kó owó tó ti ń tọ́jú láti ìgbà ọ̀dọ́ jọ, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ wò ó.

Ọmọbìnrin tó ń ta ilé náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé iyàrá nìkan kọ́ làwọn ń tà, ojú làwọn ń tà, ìyẹn ibi tí fèrèsé kọ sí. Ojú ẹ̀yìn kọjú sí ilé gogoro kejì, fàráńdà sún mọ́ fàráńdà débi tí aládùúgbò lè na iyọ̀ sí ọ. Òun lowó rẹ̀ mọ níwọ̀n jù. Ojú títì ní iyàrá tó fẹ̀, èèyàn mẹ́ta sì lè dáná nínú ilé ìdáná rẹ̀ láìgbún ara wọn nígùnpá, àmọ́ eruku àti fèrè ọkọ̀ ni wọ́n fi ń jí níbẹ̀. Ojú ọ̀sà wá jẹ́ ọba láàárín wọn. Pálọ̀ rẹ̀ tóóró, ilé ìdáná rẹ̀ há gádígádí, bí àjà sì ti ń gòkè lowó rẹ̀ ń gòkè. Ọmọbìnrin náà ní kì í ṣe ògiri lèèyàn ń sanwó fún níbẹ̀, bí kò ṣe ohun tó wà lẹ́yìn ògiri.

Ojú ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Obìnrin kan ń sá aṣọ ní fàráńdà òdìkejì. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó ọkùnrin náà, ó sì kí i bí ẹni pé wọ́n ti jọ ń gbé fún ọdún pípẹ́. Ìyàwó dá a lóhùn. Ó fọwọ́ lé irin fàráńdà, kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń kan ògiri wò nínú iyàrá ní tirẹ̀. Ó ní ibi tí àwọn ń sá fún nìyí, wọ́n kàn kùn ún lọ́dà tuntun ni. Ó ní kí wọ́n máa gòkè lọ.

Lífítì gbé wọn gòkè títí etí wọn fi dí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin náà kò rí pálọ̀ rárá. Omi ló rí. Ọ̀sà náà tẹ́ lọ láìní òpin, ó ń dán, àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì ń rìn lórí rẹ̀ láìdún, bí ìgbà tí èèyàn ń rántí nǹkan tí ò lè sọ. Ìkùukùu ń kọjá nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ kò rántí pé òun sin ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọbìnrin tó ń ta ilé yíjú sí ìyàwó. "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ sọ tẹnu yín. Ojú wo lẹ fẹ́?"

Obìnrin náà rò ó díẹ̀. "Ojú tó bá mọ̀ mí ni," ó dáhùn.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní Mọ́mì mọ àwàdà ṣe. Ọkọ náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Ó rò pé ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé ìyàwó òun ti ń ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tó wu etí ni etí í gbọ́. Ó sanwó ojú ọ̀sà.

Wọ́n kó wọlé. Èmi kò ní parọ́ fún ọ, ilé náà dára. Láàárọ̀, ìrì á bo omi, á dà bí ẹni pé ilé náà dá dúró lórí òwú. Òjò á ti òkèèrè bọ̀ lórí ọ̀sà, o óò máa wò ó bó ṣe ń rìn bọ̀, o óò ti pa fèrèsé dé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nírọ̀lẹ́, oòrùn á rọra wọ inú omi, gbogbo pálọ̀ á pọ́n bí epo. Ọkùnrin náà á jókòó sórí àga, ìyàwó rẹ̀ á jókòó tì í, kò sì sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì wọn, títì ni wọ́n máa ń wà. Bí ọkùnrin náà bá bojú wò ó, tó rí i tó jókòó jẹ́ẹ́, á ní, Màdámù ojú ọ̀sà. Obìnrin náà á mi orí. Ọkọ rò pé àlàáfíà ni.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí wọ́n ń retí ní èbúté kò gúnlẹ̀. Ọkùnrin náà padà sílé ní ọ̀sán gangan. Ó dúró níwájú lífítì. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí tán ló ti gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́.

"Ó dàbọ̀ o, Ìyá Ìbídùn. Ẹ bá mi kí Ìbídùn."

"Yóò gbọ́," ni ẹnìkan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó jókòó sórí àpótí kékeré tó gbé wá láti ilé, ó wé gèlè, ó tọ́ tìróò. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ kò ti rí i láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀, ó sọ orí kodò. Ọkùnrin náà wọlé sínú lífítì, ilẹ̀kùn pa dé, ó sì ń gbé wọn lọ.

Obìnrin náà sọ fún un pé láti ìgbà tí àwọn ti kó wọlé lòun ti ń ṣe é. Bí ọkọ òun bá ti lọ síbi iṣẹ́, òun á gbé àpótí, òun á bọ́ sínú lífítì, òun á máa bá a gòkè, òun á máa bá a sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ibòmíràn nínú ilé náà tí èèyàn ti ń dúró wo ojú ara wọn.

"Wọ́n á bi mí pé kí ni wọ́n ń pè mí," ó ní, "màá sì sọ fún wọn. Tí wọ́n bá tún rí mi, wọ́n á pè mí. Bàbá Ìbídùn, lókè yẹn, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára. Ó wá yé e pé orúkọ tí òun ń sá fún ni gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìyàwó òun, àti pé òun ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun tún sanwó gọbọi lé e. Ó sunkún. Ó ní òun á ta ilé náà, ì báà jẹ́ ní àdánù, òun á ra ojú ẹ̀yìn, ibi tí obìnrin tó ń sá aṣọ wà.

Ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ má ra nǹkan kan mọ́," ó ní. "Ẹ pè mí."

Ọkùnrin náà la ẹnu, orúkọ náà kò jáde. Lífítì dé òkè, ilẹ̀kùn ṣí, ó pa dé, ó tún gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan fẹ́ wọlé, wọ́n rí wọn, wọ́n ní àwọn á dúró de èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ń gòkè ni ohùn rẹ̀ tó là.

"Ìyá Ìbídùn," ó ní.

Obìnrin náà jẹ́ ẹ. Ọjọ́ náà, wọ́n jókòó níwájú omi tí wọ́n ti ń wò látọjọ́ yìí, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ wọn, èyí tó dùn àti èyí tó korò, títí oúnjẹ fi jó mọ́ ìdí ìkòkò.

Ìwọ tí o wá fẹjọ́ ìyá rẹ sùn mí, tí o ní o kọ́lé fún un, o gba ìránṣẹ́ tì í, o wa kànga síbẹ̀, síbẹ̀ inú rẹ̀ kò dùn, èmi kò sọ pé ohun tí o ṣe kì í ṣe oore. Oore ni. Ọkùnrin yẹn náà ṣoore. Àmọ́ ebi tó ń pa òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́, ó wá gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú ẹlòmíràn, ó ń retí pé kó yó. Wọ́n máa ń ní abèèrè kì í ṣìnà. Ó ń ṣìnà, bó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń dá a lóhùn.

Máa lọ sílé ìyá rẹ. Má ra nǹkan kan dání. Jókòó tì í, bi í léèrè ohun tó fẹ́, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀.