Àdúrà Tí Láṣebìkan Kò Fẹ́ Kó Tán

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, n kò gbọ́ ohùn yín. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó wọlé lọ sùn, kó yé fi orí lu èjìká ẹlòmíràn. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi kò gba ọ̀nà oko, kò gba ọ̀nà ọjà. Ẹ̀yìn ìyàwó ló ń tọ̀ bọ̀, ó wá dúró ti bàbá kan tí ń ṣe àdúrà tí kò fẹ́ kó tán.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń jẹun pọ̀, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Láṣebìkan. Ẹní ló ń hun. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti ń rákòrò ló ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Bí bàbá bá ń hun apá ọ̀tún, ọmọ á máa tú apá òsì. Láṣebìkan kì í bínú. Á ní ọmọ òun ń ran òun lọ́wọ́.

Àwẹ̀ró dàgbà, ó rí Àkànó, ọmọ òdìkejì odò, ó ní òun ni òun fẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ṣe alárenà, torí òun ló lè sáré lọ, sáré bọ̀. Ìdílé méjèèjì gbà, wọ́n dá ọjọ́.

Odò yẹn nìkan ni ìṣòro. Ọ̀nì ló ń gbé èrò kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nì kò burú, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, ó sùn nìyẹn, kò sí ẹni tó lè jí i. Ní ìlú wọn sì rèé, ìyàwó tí kò bá dé ilé ọkọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ó di ìkórè ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún dá òmíràn.

"Ọdún kan gbáko, Màmá?"

Ọdún kan gbáko, Wúrà. Jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ pé, ilé kún. Àgùntàn wá, Pẹ́pẹ́yẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ó ku kí Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ súre fún un. Ìyàwó kì í dìde lórí ìkúnlẹ̀ yẹn àfi bí bàbá bá sọ pé, "Ó tán, dìde."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lórí ẹní tuntun tí bàbá hun fún un. Láṣebìkan gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní orí rẹ̀ yóò bá a ṣe é. Ẹ̀yin náà, ẹ máa dáhùn.

Àmín.

Ó ní yóò bímọ, ọmọ náà yóò dàgbà.

Àmín.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo orí ọmọ náà, ó rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ dìde rìn. Ẹní tí wọ́n ká ti ògiri ló dì mú. Ẹní wó, Àwẹ̀ró wó tẹ̀lé e, ó bú sẹ́rìn-ín. Láṣebìkan wá rí i pé bí òun bá ti ní "ó tán" báyìí, ọmọ yìí ń lọ nìyẹn. Ló bá mú àdúrà mìíràn.

Ó ní ìkòkò rẹ̀ kò ní fọ́.

Àmín.

Ó ní àṣá kò ní gbé adìẹ rẹ̀.

Àmín.

Ó ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní sọnù. Ó ní eyín kò ní dun ìyá ọkọ rẹ̀.

Àmín.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Kò pa àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́rìn-ín mọ́. Àgùntàn ti ń ṣe àmín níbi tí kò sí àdúrà. Ìgbín, tó ti gbéra láti ìgbà pípẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, òun nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Àkànó kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá ìyàwó lẹ́nu, ó kàn ń wo oòrùn. Ìyá Àwẹ̀ró tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní àdúrà abẹ́rẹ́ yẹn ti tó. Láṣebìkan ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé etí odò, ó bá Ọ̀nì tó ń yán. Ó sáré padà, ó forin bẹ̀bẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Láṣebìkan, bàbá ìyàwó o,
Ẹ jẹ́ á máa lọ.
Oòrùn ń rẹlẹ̀, Ọ̀nì ń yán o,
Ẹ jẹ́ á máa lọ.
Orúnkún ń ro Àwẹ̀ró ọmọ yín o,
Ẹ jẹ́ á máa lọ.

Láṣebìkan ní orin náà dùn. Ó ní Ọ̀kẹ́rẹ́ náà kò ní já bọ́ lórí igi.

Àmín.

Inú ti ń bí Àwẹ̀ró. Ó gbójú sókè kó sọ̀rọ̀, ó rí i pé omi ti kún ojú bàbá rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó di ẹsẹ̀ bàbá mú.

"Bàbá mi, ẹ ti gbàgbé ọ̀kan."

Inú Láṣebìkan dùn pé ó tún ku ọ̀kan. Ó bi í pé èwo ni.

"Ẹ kò tíì gbàdúrà pé n ó máa padà wá kí yín."

Láṣebìkan wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó ti gbàdúrà fún ìkòkò, ó ti gbàdúrà fún abẹ́rẹ́, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ jù lọ ni kò wá sí i lọ́kàn. Ó sì rí i pé àdúrà yìí kò lè ṣẹ bí ọmọ náà bá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, wàá máa padà wá kí mi."

Rárá, ẹ má dáhùn. Àwẹ̀ró ló dáhùn fúnra rẹ̀. Ó ní, "Àmín."

"Ó tán," ni Láṣebìkan wí. "Dìde."

Gbogbo ilé bá sáré. Láṣebìkan ló ṣáájú, òun ló ru ẹní. Ọ̀nì ti pa ojú kan dé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú kejì ló fi gbé ìyàwó kọjá.

Láṣebìkan padà sílé, ó jókòó sídìí iṣẹ́. Ó hun apá ọ̀tún, ó hun apá òsì, kò sí ẹni tó tú nǹkan kan. Ó sunkún. Ìyàwó rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, òun náà sì sunkún.

Ó ṣe díẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Láṣebìkan ń hun apá ọ̀tún lọ, ó wá rí i pé apá òsì ti ń tú. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àmín."

Ohun tí àlọ́ mi kọ́ wa ni pé kí òbí má fi ìfẹ́ dá ọmọ dúró. Kó súre fún un, kó jẹ́ kó lọ, kí ọmọ náà lè rí ibi tí yóò ti padà wá.

Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyí. Bí mo bá parọ́, kí n má lè dìde lórí àpótí yìí. Bí n kò bá parọ́, kí orúnkún mi dún kí gbogbo yín gbọ́.

Kó! Kó!

Ẹ gbọ́ ọ àbí? Ó tán, ẹ dìde.