Ajere Mẹ́rìndínlógún Tí Àwẹ̀ró Rì Mọ́lẹ̀

Ọ̀gbàrá kì í béèrè ọ̀nà;
Ẹni tó bá dí i níta ní í bá a ní yàrá.
Bẹ́ẹ̀ ni Ifá wí fún Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, lọ́jọ́ tí omi òjò sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ di odò.

Ẹ fetí sílẹ̀, nítorí obìnrin yìí wù mí. Mo ti sọ ìtàn ọba púpọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ti amọ̀kòkò yìí kì í sú mi í sọ.

Ìsàlẹ̀-Apá ni ilé Àwẹ̀ró wà, ní ìdí òkè. Gbogbo omi tí òjò bá rọ̀ sórí òkè, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní í sọ̀kalẹ̀ sí. Ó ń dúró síbẹ̀, kò rí ibi gbà. Ògiri alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ń mu ún, ó rọ̀, ó sì lanu. Yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ni wọ́n sin ìyá Àwẹ̀ró sí. Bí ògiri bá wó, orí oórì ìyá ni yóò wó lé.

Àwẹ̀ró kì í ṣe ọ̀lẹ. Lọ́dún kan, ó mọ ebè amọ̀ gíga láti fi dí omi lọ́nà. Omi yí ebè náà po, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó tún padà sídìí ògiri. Ẹni tó bá ń bá omi jìjàkadì, ara tirẹ̀ ni yóò tutù.

Ọ̀jẹ́labí, àbúrò rẹ̀, wá wo ilé náà, ó mi orí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kó kúrò níbí. Òjò ọdún yìí ni yóò gbé e lọ.”

“Ká kó kúrò? Ta la fẹ́ fi ìyá wa sílẹ̀ fún?”

Àwẹ̀ró tọ Ìyánífá lọ, àgbà obìnrin tó ń wo Ifá fún àdúgbò wọn. Ifá ní kò ní fi ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí ó yé dí omi lọ́nà, kí ó la ọ̀nà fún un. Ó ní kí ó rúbọ: ẹyẹlé kan, epo, òkúta wẹ́wẹ́ odò ogún agbọ̀n, àti ajere mẹ́rìndínlógún tí kò lábùkù. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró láti ẹ̀yìn ògiri dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀, kí kòtò náà máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ. Kí wọ́n tẹ́ òkúta sí i, kí wọ́n to ajere lé e, kí ẹnu ọ̀kan kọjú sí ìdí èkejì. Kí wọ́n da òkúta bò wọ́n, kí wọ́n tẹ́ ẹní àtijọ́ lé òkúta kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dí i, kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ bo gbogbo rẹ̀.

Ẹ kúkú mọ ajere, ìkòkò tí a dá ihò sí lára. Nígbà tí Ọ̀jẹ́labí gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí.

“Ajere? Èyí tí ò lè gbé omi dé ẹnu ọ̀nà?”

“Ohun tí kì í dá omi dúró là ń wá, Ọ̀jẹ́labí. Gbé ọkọ́.”

Ọ̀jẹ́labí gbé ọkọ́. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí kòtò mù ún dé orúnkún.

Ajere mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé ni Àwẹ̀ró ní, òjò sì ti súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè mọ òmíràn kó gbẹ, kó sì sun ún. Ẹ̀kẹrìndínlógún tó wà nílé, ìyá rẹ̀ ló mọ ọ́n. Òun ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí ìyá ṣe láyé, ojú ìka rẹ̀ ṣì hàn létí ìkòkò náà. Àwẹ̀ró fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó mú òmíràn tó ti sán, ó fi amọ̀ lẹ ojú sísán náà, ó kó o mọ́ àwọn yòókù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ì bá ṣe é.

Ìyánífá wá wo ẹbọ. Ó ń fi ìka lu ajere lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dún ketekete. Ìkẹyìn kò dún.

“Àwẹ̀ró, ìwọ lo mọ ìkòkò. Ṣé èyí lè ru erùpẹ̀?”

Àwẹ̀ró gbé èyí tó sán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó gbé ajere ìyá rẹ̀ mọ́ àyà, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Ìyánífá, ẹ jẹ́ kí n gbé e sí ìkẹyìn, níbi tí omi yóò gbà jáde.”

Wọ́n gbà fún un. Wọ́n rú ẹyẹlé, wọ́n ta epo fún Èṣù nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n bo kòtò. Ojú ilẹ̀ tẹ́jú, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Òjò dé. Kì í ṣe òjò kékeré. Ọ̀jẹ́labí ti di ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e lórí. Omi sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó rá mọ́ ilẹ̀. Wọn ò rí i mọ́. Ọ̀jẹ́labí dìde, ó sáré nínú òjò lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi ń tú jáde láti inú ajere ìyá. Ó kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín níjọ́sí bú sẹ́kún.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wá wo iṣẹ́ ìyá wa!”

Fúnra rẹ̀ ló tú ẹrù náà. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ògiri ti gbẹ, Àwẹ̀ró sì ti dí ibi tó lanu. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, á gbé ọwọ́ lé ògiri ẹ̀yìn, á ní, “Ìyá, ẹ máa sùn. Ilẹ̀ ti gbẹ.” Á wá yin Ìyánífá, Ìyánífá á sì yin Ifá.

Èmi ń yin Àwẹ̀ró ní tèmi. Ó gbọ́ ìmọ̀ràn, ó rú èyí tó dùn ún jù, ilé ìyá rẹ̀ sì dúró. Ẹ̀yin náà, ẹ máa rúbọ, kí ẹ sì máa gba ìmọ̀ràn, kí ire lè wọlé tọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi amọ̀ lẹ ojú sísán.