Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìdajì Oòrùn Inú Bátìrì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi sáré, ó gun igi, ó já lé Ọ̀kẹ́rẹ́ àti bátìrì inú igbó lórí.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nínú igbó. Odò gbẹ. Kànga kan ṣoṣo ló kù, ó sì jìn gan-an. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti kó lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fa omi sílẹ̀, pẹ̀lú sólà àti bátìrì ńlá kan. Lọ́sàn-án, oòrùn á máa wọnú bátìrì. Ní ìdájí, kí ọdẹ tó jí, ẹ̀rọ á fa omi, kálukú á gba igbá kan. Ẹ gbọ́ mi: oòrùn àná ló ń fa omi òní! Ìyanu ni. Erin pàápàá, tó bá ti débẹ̀, á rọra máa gbẹ́sẹ̀.

Òòrẹ̀ àgbà ló ń tọ́jú bátìrì. Àpótí kékeré kan wà lára wáyà. Tí agbára bátìrì bá ti lọ sí ìdajì, àpótí yẹn á gé iná, ẹ̀rọ á dákẹ́.

Èyí ò dùn mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ nínú. Ó gbin ẹ̀pà sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó rò ó pé tóun bá rí omi bu sí i nínú ọ̀dá yìí, òun nìkan ni yóò jẹ ẹ̀pà nínú igbó. Ó lọ bẹ Òòrẹ̀ pé kó fún òun ní ìdajì tó kù.

Òòrẹ̀ ní, “Bí èbù iṣu ni ìdajì yẹn rí, ọmọ mi. Òun ni bátìrì fi ń gba oòrùn ọ̀la. Má fọwọ́ kàn án.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ti gbọ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní arúgbó yìí ń fi í pamọ́ fún ara rẹ̀ ni. Ó gbé omi ìyá rẹ̀ lọ sílé, nítorí ìyá náà ti darúgbó, kò lè rìn jìnnà mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí kálukú ti gba omi tirẹ̀ tán, tí Òòrẹ̀ sì wá oúnjẹ lọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ fi eyín gé àpótí náà kúrò, ó so wáyà mọ́ wáyà. Omi ya wọ oko ẹ̀pà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jó. Nígbà tó yá, omi tín-ín-rín, ẹ̀rọ kérora, ó dákẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kò burú, oòrùn ṣáà ń bọ̀.

Àmọ́ ọyẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni eruku fi bo ojú oòrùn, bátìrì sì wà lófìfo. Nígbà tí oòrùn padà yọ, ó ràn wàá, ṣùgbọ́n bátìrì ò gbà á. Òòrẹ̀ ṣí i wò. Nǹkan funfun bí iyọ̀ ti bo gbogbo irin inú rẹ̀.

Ó ní, “Kì í ṣe ebi ló ń pa á mọ́. Ó ti kú.”

Oòrùn kún orí gbogbo ẹranko, ó kún ilẹ̀, wọn ò sì rí ibi tí wọ́n lè tọ́jú díẹ̀ sí. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi.

Gbogbo wọn kó lọ sí odò ńlá. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè lọ. Ẹ̀pà gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fi ìkarahun ìgbín bu omi láti odò náà sáré lọ fún ìyá rẹ̀. Òùngbẹ á gbẹ ẹ́ lọ́nà, á mu díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúró lójijì, tí á nàró, tí á gbé ọwọ́ méjèèjì sí àyà: ó ń wò ó bóyá omi ìyá rẹ̀ ti dé ìdajì.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹ má gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ́ yín. Tí àpótí kékeré bá ní ó tó, ẹ jẹ́ kó tó.