Ọ̀pẹ Dàbínù Tó Wà Níbi Àlùwàlá

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó ti rẹ Sìfáwù láti máa pa òwe yìí fún Làsísì ọkọ rẹ̀, tó gbin kóró dàbínù tó mú bọ̀ láti Mẹ́kà síbi tí gbogbo ilé ti ń ṣe àlùwàlá, nítorí pé omi kì í wọ́n níbẹ̀.

Nígbà tó yọ ewé méjì, Sìfáwù ní, "Bàbá Múnírù, ẹ jẹ́ ká ṣí i lọ sẹ́yìnkùlé. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni."

"Kóró Mẹ́kà ni, ìyá Múnírù. Ẹ̀yìnkùlé kọ́ ni ipò rẹ̀."

Ọ̀dá ò pa á, ewúrẹ́ ò rí i jẹ. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́fà, ẹ̀gún rẹ̀ ti gùn ju ìka lọ. Ìrun márààrún ni Sìfáwù ń gbé bútà lọ sílé aládùúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Làsísì bẹ̀rẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀, ẹ̀gún sì gún un nípéǹpéjú. Díẹ̀ ló kù kó fọ́ ojú. Sìfáwù rọra nu ẹ̀jẹ̀ náà.

"Lọ mú àdá wá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ìgbà tó yọ ewé méjì ni mo ti pọ́n ọn sílẹ̀," ni Sìfáwù dáhùn. "Ó ti dípẹtà."