Ilẹ̀kùn Kẹsàn-án tí Òkété Ṣí

Ẹyìn ló wu Òkété jẹ. Kì í ṣe agbọ̀n kan, kì í ṣe méjì o: gbogbo ẹyìn tí Ọ̀bọ kó jọ fún títà, òkìtì tó ga ju Erin lọ.

Lọ́dún náà, àwọn ẹranko fẹ́ dá owó tuntun sílẹ̀, owó tí wọn yóò máa ná lórí kọ̀ǹpútà. Àdéhùn wọn dára: láàárọ̀ ọjọ́ tí owó náà bá bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà olúkúlùkù yóò máa mú owó jáde, wọn yóò sì pín in dọ́gba. Ti Erin kò ní ju ti Ìgbín lọ. Owó tí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kò bá sì jẹ́rìí sí, òfo ni.

Àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilẹ̀kùn tí a kò fojú rí ló wà lára kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà la fi ń pè wọ́n. Ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣí kí wọ́n tó lè gbọ́ ohùn ara wọn. Ta ló mọ̀ nípa ilẹ̀kùn tó Òkété, ẹni tí ihò rẹ̀ ní ẹnu mẹ́fà, tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ ju mẹ́ta lọ? Òun ni wọ́n yàn.

Òkété ṣí ilẹ̀kùn kẹsàn-án nílé tirẹ̀, kí òun nìkan lè kó gbogbo owó náà. Ó wá ń ya ilé kiri.

"Bàbá Erin, ẹ kú ìmúra o. Ilẹ̀kùn keje ni kí ẹ ṣí."

"Ṣó dá ọ lójú?"

"Hàà, Bàbá! Èmi á wá máa tan àgbà?"

Ó sọ keje fún Ẹkùn, ó sọ keje fún Ọ̀bọ. Nígbà tó sọ ọ́ fún Ìgbín, Ìgbín wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Òkété, ẹ̀rín kí lò ń rín?"

"Eyín mi ló gùn, Ìyá Ìgbín. Ẹnu mi ò pa dé."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Kó gbogbo ekùrọ́ inú àká dà nù. Ẹyìn tuntun ń bọ̀."

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká rí tuntun ná."

"Ìyàwó olówó ni ọ́ báyìí! Kí lo fẹ́ fi ekùrọ́ ṣe?"

Ni owó bá ń tú jáde lórí kọ̀ǹpútà Òkété. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀: ẹgbẹ̀rún, ọ̀kẹ́, ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbé agbọ̀n mẹ́fà rù, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ, níbi tí Erin àti Ìgbín ti wá ra ẹyìn.

"Di gbogbo ẹyìn yẹn fún mi!"

Ọ̀bọ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Owó wo lo fẹ́ fi rà á? N ò rí ọ níbí. Bàbá Erin, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo rí Ìgbín, mo rí Ẹkùn, mo rí ìwọ náà. Gbogbo wa la pàdé nílẹ̀kùn keje, owó wa sì dọ́gba géérégé. Òkété, èwo nìwọ ṣí?"

Irọ́ kan ṣoṣo ni Òkété pa fún gbogbo wọn, gbogbo wọn sì ti bá ara wọn pàdé nínú rẹ̀. Òun nìkan ló jókòó ti ọrọ̀ rẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí.

"Kẹ... kẹsàn-án."

Ìgbín rẹ́rìn-ín títí ó fi kó wọnú ìkarahun, ìkarahun náà sì ń mì.

Òkété sáré lọ sí ààtàn, ó ń wá ekùrọ́ rẹ̀. Èèrà ti débẹ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ebi ń pa mí o!"

"Bọ̀dá Òkété, ẹ tò sẹ́yìn. Ọgbọọgba là ń pín in níbí."

Ó tò títí ó fi kàn án. Wọ́n sì fún un ní ìpín tirẹ̀, tí kò kéré sí ti èèrà, tí kò sì tóbi jù ú lọ.

Ibi tí mo bá àlọ́ náà dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa sọ ilẹ̀kùn tó tọ́ fún ara wa. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ìpín oúnjẹ mi lónìí má ju ti Òkété lọ.